Àìlórúkọ Kì í Ṣe Àìrí

Ní 1940, Whorf, ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ pé bí èdè abínibí wa bá ti pín ayé ni àwa náà ń pín in. Àwọn kan ti wá sọ ọ̀rọ̀ yìí di pé ohun tí èdè kò bá lórúkọ fún, ẹni tí ń sọ èdè náà kò lè rí i. Èyí ni àwa kọ̀. Funfun, dúdú àti pupa ni àgbà orúkọ àwọ̀ wa. Síbẹ̀, ẹ sọ fún aláró pé ọ̀kan náà ni ẹtù àti àyìnrín, yóò fi yín ṣe ẹ̀rín.

Ní 1969, Berlin àti Kay fi èdè 98 wé ara wọn. Wọ́n ní èdè tí ó bá ní orúkọ àwọ̀ mẹ́ta péré, funfun, dúdú àti pupa ni. Tiwa jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n wọ́n to àwọn èdè sórí àkàbà: èyí tí ó ní 11 wà lókè téńté, èyí tí ó ní mẹ́ta wà nítòsí ilẹ̀. Èyí náà ni àwa kọ̀. Dúdú wa gba èédú, ó gba aró, ó sì gba ẹ̀fọ́ tí ó dúdú mìnìjọ̀. Gbígbòòrò ni èyí, kì í ṣe àìtó.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọ bá pe ewé ní dúdú, ẹ má ṣe nà án. Oko kan náà ni gbogbo wa ń wò. Ààlà tí a pa sí i ni ó yàtọ̀.