Àmì Àyálò Kò Yẹ Oníṣẹ́ Ọwọ́ Ilẹ̀ Wa

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá síwájú yín lóṣù yìí lè dà bí ohun kékeré lójú ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun kékeré rárá. Ọ̀rọ̀ àmì ìdánimọ̀ ni, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní lógò: àwòrán tí télọ̀, ahunṣọ, aláró, agbẹ́gilére, onídìrí àti ayàfọ́tò ń gbé kọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù wọn, tí wọ́n sì ń tẹ̀ sára àpò ọjà àti ìwé rìsíìtì. Ẹ rìn láti Ìsúndúnrin dé Èjìgbò, kí ẹ sì máa wo pátákó. Idì ni ẹ ó rí, àti kìnnìún, àti adé irú èyí tí ọba Òyìnbó ń dé. Télọ̀ gbé idì kọ́, onídìrí gbé idì kọ́, ayàfọ́tò náà sì gbé idì kọ́. Bí ẹ bá fi ọwọ́ bo orúkọ mọ́lẹ̀, ẹ kò ní mọ ẹni tí ó ni ṣọ́ọ̀bù, bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò ní mọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Mo sọ ọ́ láìfi bò pé àṣà yìí ń pa oníṣẹ́ ọwọ́ wa lára, ó sì yẹ kí a kọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Àwọn kan yóò dá mi lóhùn pé ọjà tí ó dára ni í polówó ara rẹ̀, pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá pójú owó kò fi àwòrán ṣe ohunkóhun. Bí oníbàárà bá ń gbé ní àdúgbò ẹni, òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tí ọjà rẹ̀ dúró sí àdúgbò mọ́? Láti ìran dé ìran ni àwọn ọmọ Èjìgbò àti ìlú àyíká rẹ̀ ti ń lọ ṣòwò ní Àbíjàn ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. Aṣọ tí a rán nílé ń bá wọn kọjá ibodè mẹ́rin. Ẹni tí ó rà á lọ́hùn-ún kò rí ojú ẹni tí ó rán an rí, ó sì lè jẹ́ pé Faransé nìkan ni ó gbọ́. Nígbà tí ó bá fẹ́ ra òmíràn, kí ni yóò fi wá a? Àmì ni agbẹnusọ fún ẹni tí kò sí níbẹ̀. Bí àmì náà bá sì jẹ́ idì tí ẹgbẹ̀rún ènìyàn ń lò, agbẹnusọ tí ó yadi ni.

Ẹ wo ohun tí ó dé bá àwọn aláró. Ní Abẹ́òkúta àti ní Òṣogbo, àwọn ìyá wa fi ìyẹ́ adìyẹ kọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ, wọ́n sì sọ bátànì kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Ìbàdàndùn ni wọ́n pe èyí tí a ya òpó Gbọ̀ngàn Mápó sí, gbọ̀ngàn tí a ṣí ní 1929. Gbogbo ayé mọ Ìbàdàndùn. Ta ni ó mọ orúkọ obìnrin tí ó kọ́kọ́ kọ ọ́? Lónìí, aṣọ tí ẹ̀rọ ilẹ̀ òkèèrè tẹ̀ ní àwòrán àdìrẹ ti wọ ọjà wa, owó rẹ̀ sì rọ̀ ju ti iṣẹ́ ọwọ́ lọ. Àwọn aláró ń ké, igbe wọn sì tọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí oníbàárà bá bèèrè ohun tí òun yóò fi mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ohun tí wọ́n lè nàka sí. A sọ iṣẹ́ lórúkọ, a kò sọ òṣìṣẹ́ lórúkọ.

Kì í ṣe pé a kò mọ àmì í lò. Àwọn baba wa pa àrokò. Ẹyọ owó mẹ́fà ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ọkàn wọn fà sí, nítorí pé ẹ̀fà ni iye rẹ̀; ẹyọ owó mẹ́jọ ni fún ẹni tí ọ̀rọ̀ wọn jọ ṣe ọ̀kan, nítorí pé ẹ̀jọ ni. Ẹni tí ó gbé e lọ kò sọ̀rọ̀, síbẹ̀ ẹni tí a rán an sí gbọ́. Wọ́n kọ àbàjà, gọ̀ǹbọ́ àti pélé sójú, kí a lè mọ ibi tí ènìyàn ti wá. N kò bẹ̀bẹ̀ fún abẹ olóòlà. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 kọ̀ ọ́, mo sì fara mọ́ òfin náà. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò yẹ kí ọmọ tí irú baba bẹ́ẹ̀ bí máa tọrọ idì kiri.

Báwo ni kí a ti ṣe é? Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Kí alágbẹ̀dẹ wo ẹwìrì rẹ̀, kí ahunṣọ wo òfì, kí aláró wo ìkòkò aró, kí gbogbo wọn sì wo oríkì ilé wọn. Níbẹ̀ ni àmì wà. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n dín in kù, nítorí àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí. Àmì tí a kò lè dá mọ̀ nígbà tí ó bá kéré bí bọ́tìnnì, tàbí nígbà tí a bá fi dúdú nìkan yà á, kò tíì parí. Nígbà tí Taiwo Akinkunmi, tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní London, fi àwòrán àsíá Nàìjíríà sílẹ̀ fún ìdíje ní 1959, oòrùn pupa kan wà láàárín funfun. Àwọn onídàájọ́ yọ ọ́ kúrò. Àwọ̀ ewé, funfun, àwọ̀ ewé ni ó kù, òun ni a sì gbé sókè ní ọjọ́ 1 oṣù October 1960. Ọmọ kékeré lè yà á láìṣì í. Bí odindi orílẹ̀-èdè bá lè fi ìlà mẹ́ta dá ara rẹ̀ mọ̀, kí ni télọ̀ kan ń fi idì, adé, abẹ́rẹ́, àlùmọ́gàjí àti òṣùmàrè ṣe lórí pátákó kan ṣoṣo?

Ẹ sì rántí àjọ̀dún FESTAC tí a ṣe ní Èkó ní 1977. Erhabor Emokpae tí ó ya àmì rẹ̀ kò wá ẹranko ilẹ̀ àjèjì lọ. Ojú Ìdíà, ìyá ọba Benin, tí a fi eyín erin gbẹ́, ni ó mú. Ère náà wà ní British Museum, wọ́n sì kọ̀ láti yá wa. Síbẹ̀ àmì Emokpae gbé ojú ìyá náà dé gbogbo ayé.

Nísinsìnyí mo dé orí ọ̀rọ̀ owó, níbi tí ẹ̀bi wa ti pọ̀ jù. Ẹni tí kò jẹ́ rán ṣòkòtò lọ́fẹ̀ẹ́ ń retí kí ayàwòrán ya àmì fún òun lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní kọ̀ǹpútà ni ó ń ṣe é. Ìwé Mímọ́ kọ̀ fún wa láti fi owó alágbàṣe dù ú. Ní 1971, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Amẹ́ríkà, Carolyn Davidson, gba dọ́là 35 péré fún àmì tí ilé-iṣẹ́ Nike ń lò títí di òní. Ìgbà tí ó di 1983 ni wọ́n tó fún un ní ìpín nínú òwò náà. Kì í ṣe gbogbo oníṣòwò ni yóò rántí lẹ́yìn ọdún 12. Àwọn mìíràn a lọ mú àmì ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí ẹ̀rọ ti fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣáájú wọn. Wọn kò ra nǹkan kan, nítorí náà wọn kò ní nǹkan kan.

Òfin wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ ní tirẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí òfin àmì òwò ti 1965, ẹni tí ó bá forúkọ àmì rẹ̀ sílẹ̀ ní Àbújá ni ó ni ín fún ọdún 7, ó sì lè sọ ọ́ dọ̀tun ní ọdún 14 mẹ́rìnlá lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n àmì náà gbọ́dọ̀ dá yàtọ̀. Òfin kò lè bá ọ gbèjà ohun tí gbogbo ènìyàn ń lò. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé òfin ẹ̀tọ́ oníwèé àti oníṣẹ́ ọnà ti 2022 fi àwòrán sọ́wọ́ ẹni tí ó yà á, bí ẹ tilẹ̀ ti sanwó, àyàfi bí ìwé àdéhùn bá sọ ọ́ di tiyín. Nítorí náà, ẹ sanwó, kí ẹ sì gba ìwé.

Mo bẹ ẹgbẹ́ wa pé kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan pe àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán ìlú rẹ̀ jókòó pọ̀. Kí àwọn tí agbára wọn kéré pawọ́ pọ̀ ní àmì kan, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ọ kí iṣẹ́ ayédèrú má bàa wọ abẹ́ rẹ̀, nítorí àmì rere kò lè gba iṣẹ́ búburú là. Kí àwa olùkọ́ sì kọ́ àwọn ọmọ láti máa ya ohun tí oríkì ilé wọn ń sọ. Ẹ sọ idì kalẹ̀, ẹ̀yin ará mi. Ilé baba wa kò ṣófo tó bẹ́ẹ̀.