Ìṣáwùrú Tí Omi Gbalé Lọ́wọ́ Rẹ̀

Ẹ̀yin èwe Lagbé tó mọ ìṣáwùrú inú odò, ẹ gbọ́ ti ẹbí rẹ̀ kan, Aylacostoma. Odò Paraná, láàárín Ajẹntínà àti Paraguay, ni ilé àwọn kan nínú wọn, níbi tí omi ti ń fi ipá ṣàn lórí àpáta. Abo nìkan ni wọ́n níbẹ̀. Láìsí akọ ni wọ́n ń bímọ. Ní àwọn ọdún 1990, wọ́n sé odò náà ní Yacyretá nítorí iná mànàmáná. Omi jìn, ó dákẹ́. Ìṣáwùrú omi líle kò fi bẹ́ẹ̀ rí ibùgbé mọ́. Àwọn onímọ̀ kó díẹ̀ lọ sìn nínú àgbá gíláàsì ní Posadas. Ẹ̀mí ṣẹ́kù, ṣùgbọ́n àgbá kì í ṣe odò.

Láti 1987 ni iná Nangbéto, lórí odò Mono ní Tógò, ti ń tàn dé ilẹ̀ tiwa. Ta ló ka ìṣáwùrú Mono kí wọ́n tó sé e?