Ta Ni Olódo?

Láti Ìkòròdú ni mo ti lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Ẹ̀pẹ́. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní tí mo dúró níwájú kíláàsì, mo fi Gẹ̀ẹ́sì bi ọmọ ẹlẹ́ja kan ní ìṣirò. Ó kàn ń wò mí. Mo fi Yorùbá bi í: ẹja méje, a ta mẹ́ta, mélòó ló kù? Kíá ló dáhùn. Ọ̀gá tó ń ṣọ́ mi ní mo ń ba ọmọ jẹ́.

Bẹ́ẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá ti dán an wò ní Ilé-Ifẹ̀ láti ọdún 1970: àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà kò gbẹ́yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Síbẹ̀, ní 2025, ìjọba àpapọ̀ wọ́gi lé ìlànà fífi èdè abínibí kọ́ni. Ọmọ yẹn kọ́ ni olódo; àwa tí a fi èdè dí i lẹ́nu ni.