Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Kò Sùn Ń Ba Ọpọlọ Tí Yóò Fi Kàwé Jẹ́

Ní ìlú Benin, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Edo, ojú ọ̀nà kan náà tó gba Ugbowo lọ sí Èkó ni a ti rí Yunifásítì Benin, ilé-ìwòsàn ńlá tí a mọ̀ sí UBTH, àti ilé-ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ fún àìsàn ọpọlọ tó wà ní Uselu. Àárín wọn kò jìnnà rárá. Síbẹ̀, bí àsìkò ìdánwò bá wọlé, tí ọmọ yunifásítì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé orí ń gbóná òun, pé ìwé kò wọlé mọ́, ọ̀nà jíjìn ni ọ̀pọ̀ ẹbí máa ń kọ́kọ́ gbé e lọ. Àwọn kan á ní ayé ni ó fẹ́ dínà ọlá rẹ̀. Àwọn mìíràn á mú un lọ sí ìṣọ́ òru, níbi tí kò ti ní í fojú kan oorun títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ìbéèrè tí ó yẹ kí ó ṣáájú kì í sábà jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni: wákàtí mélòó ni ọmọ yìí sùn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá?

Láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà, kíkàwé láti alẹ́ títí di àfẹ̀mọ́júmọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní TDB, ti di ohun àmúyangàn. Àwọn kan ń jẹ obì, àwọn kan ń mu kọfí, àwọn mìíràn ń ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù kí oorun má baà gbé wọn lọ. Àwọn òbí pàápàá ń fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yangàn, wọ́n á ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Òwe náà dára, ṣùgbọ́n àáké pàápàá ń fẹ́ kí a máa pọ́n òun.

Ohun tí àwọn onímọ̀ nípa ọpọlọ fi yéni ni pé ohun tí ènìyàn kà lọ́sàn-án kò tíì fi bẹ́ẹ̀ fìdí múlẹ̀ lọ́pọlọ nígbà tí ó bá pa ìwé dé. Inú oorun ni ọpọlọ ti ń tún un yẹ̀ wò, tí ó ń tò ó, tí ó sì ń fi í pamọ́ fún ọjọ́ iwájú. Bí oorun kò bá tó, ibi tí ọpọlọ fi ń gba ẹ̀kọ́ tuntun wọlé kò ní í lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa lọ́jọ́ kejì. Ìyẹn ni pé ẹni tí ó fi òru kàwé ń pàdánù lẹ́ẹ̀mejì: èyí tí ó kà kò dúró, èyí tí olùkọ́ fẹ́ kọ́ ọ kò wọlé. Apá iwájú ọpọlọ, tí ó ń bá ènìyàn ṣe ìpinnu tí ó sì ń kó ọkàn níjàánu, a máa rẹ̀wẹ̀sì. Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ kékeré fi ń bí ẹni tí kò sùn nínú. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2000 láti ilẹ̀ Australia fi hàn pé ẹni tí kò sùn fún wákàtí 17 sí 19 lè ṣe bí ẹni tí ọtí wà lójú rẹ̀ nínú àwọn ìdánwò kan. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kàwé mọ́jú ti kọjá wákàtí yẹn kí ó tó wọ gbọ̀ngàn ìdánwò.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1960, Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ọmọ ilẹ̀ Kánádà tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn Aro ní Abẹ́òkúta, kọ̀wé nípa àìsàn kan tí ó rí lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà, tí wọ́n ń pè ní brain fag. Orí wọn ń gbóná, ó ń ṣe wọ́n bí ẹni pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀, ojú wọn ń ṣú, ohun tí wọ́n ń kà kò sì yé wọn mọ́. Prince wo ẹ̀kọ́ òyìnbó àti ẹrù ìrètí gbogbo ẹbí tí ó wà lórí ọmọ kan ṣoṣo. Ní àwọn ọdún 1980, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olufemi Morakinyo ti yunifásítì Ifẹ̀ wò ó síwájú sí i, ó sì tọ́ka sí ohun tí ó sún mọ́ ni jù bẹ́ẹ̀ lọ: àìsùn, àti àwọn oògùn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lò láti lé oorun lọ. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ dókítà kò ka brain fag sí àìsàn ọ̀tọ̀ mọ́ lónìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa rí ìbẹ̀rù àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ lè yí padà kí orí ọmọ sì máa gbóná síbẹ̀. Másùnmáwo tí Yorùbá ń pe ìnira ọkàn pàápàá, àìsùn ni a gbọ́ nínú rẹ̀.

Kò tọ́ kí a di gbogbo ẹ̀bi ru akẹ́kọ̀ọ́. Ní oṣù Keje ọdún 2024, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Benin fi ẹ̀hónú hàn lójú títì nítorí àìsí iná mànàmáná, títí tí àwọn aláṣẹ fi ti ilé-ẹ̀kọ́ náà pa. Ẹni tí ó ń sùn nínú yàrá tí ooru mú, tí ẹ̀fọn kún, tí jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kò lè sùn bí ó tilẹ̀ fẹ́. Ẹlòmíràn ń fi òru kàwé nítorí pé òru nìkan ni iná ń dé. Ó yẹ kí àwọn aláṣẹ yunifásítì mọ̀ pé iná lọ́sàn-án nínú yàrá ìkàwé àti ìdákẹ́jẹ́ lóru nínú ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ apá kan ẹ̀kọ́, bí ìwé àti olùkọ́ ti jẹ́. Ìwà tí àwọn ọmọ ìṣègùn ń rí lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá wọn kò tilẹ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́, nítorí wákàtí iṣẹ́ àṣejù wà lára ohun tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ sí i, NARD, ń ráhùn lé lórí nígbà ìyanṣẹ́lódì wọn ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025.

Àgbàlagbà nílò oorun wákàtí méje ó kéré tán lóru. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá pín ìwé rẹ̀ sí ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà yóò rí i sùn. Ẹni tí ó bá fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ ìdánwò ni kì í rí i. Àìsùn sì lè jẹ́ àmì àìsàn ọpọlọ tí ó ti wà nílẹ̀, yàtọ̀ sí pé ó lè fa òmíràn. Bí ọmọ kan kò bá sùn fún òru méjì tàbí mẹ́ta, tí kò sì rẹ̀ ẹ́, tí ó ń sọ̀rọ̀ láìdákẹ́, tàbí tí ó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, kí àwọn ará ilé rẹ̀ má ṣe dúró di ìgbà tí ìdánwò bá parí kí wọ́n tó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.