Kì í Ṣe Gbogbo Aláṣọ Funfun Ni Dókítà

  Nínú ìwé ìròyìn wa tó kọjá, omi kànga àti ìgbẹ́ gbuuru la sọ̀rọ̀ lé. Tòní kò jọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìlera náà ni, ọ̀rọ̀ owó sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ́ ní mọ́ṣáláṣí wa ní Alágbàká níbí, Alhaja kan tó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba dá mi dúró níbi tí mo ti ń wá bàtà mi. Ó ní, "Dókítà, ẹ dákun, ẹ bá mi wo nǹkan yìí." Fóònù ló nà sí mi. Yunifásítì kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gba ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó gboyè nínú máíkíróbáyọ́lọ́jì, pé kó wá kọ́ iṣẹ́ physician associate fún ọdún méjì. Inú Alhaja ń dùn. Ó ní, "Ọdún méjì péré, ọmọ mi á di dókítà. Ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ní Ọbà-Ilé la fẹ́ tà sí i."

Mo bá a yọ̀. Lẹ́yìn náà mo ní kó jẹ́ ká wá àga jókòó, torí ọ̀rọ̀ tó wà ńlẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdúró. Òun kọ́ lẹni àkọ́kọ́ tó máa gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá bá mi, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ síbí.

Physician associate kì í ṣe dókítà. Kò sì lè di dókítà nípa pípẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, kódà bó lo ogún ọdún níbẹ̀, àfi tó bá padà lọ jókòó sí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn fúnra rẹ̀. Tí a bá tú orúkọ náà sí èdè wa, alábàáṣiṣẹ́ dókítà ni. Ẹni tó ti gboyè àkọ́kọ́, pàápàá nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ló máa ń lọ kọ́ ọ. Kíláàsì ni apá kan, ilé ìwòsàn ni apá kejì, ìdánwò àṣekágbá sì wà níwájú. Á bi aláìsàn léèrè ohun tó ń ṣe é, á yẹ̀ ẹ́ wò, á wo èsì àyẹ̀wò, á sì jábọ̀ fún dókítà tó ń bójú tó o. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò láṣẹ láti kọ oògùn, kò sì láṣẹ láti ní kí wọ́n lọ ya X-ray fún ẹnikẹ́ni. Dókítà tiwa níbí, ọdún mẹ́fà ló ń lò ní yunifásítì, irú bíi UNIMED ní ìlú Oǹdó, kó tó tún lo ọdún kan lábẹ́ àwọn ọ̀gá. Ọdún méjì kò lè dọ́gba pẹ̀lú ìyẹn, kò sì sẹ́ni tó ní kó dọ́gba.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo ń bu iṣẹ́ náà kù o. Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1965, nígbà tí dókítà kò tó, tí Dókítà Eugene Stead sì kó àwọn ọkùnrin mẹ́rin tó ti ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú nínú ológun ojú omi jọ, kí ìmọ̀ wọn má bàa ṣòfò. Nítòsí wa níbí, ní Gánà, ilé ẹ̀kọ́ tó wà ní Kintampo ti ń kọ́ irú wọn láti ọdún 1969. Ọ̀pọ̀ abúlé Gánà tí dókítà kì í dé, àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń rí. Iṣẹ́ tó ní láádá ni, tí wọ́n bá ṣe é dáadáa.

Orúkọ àti ààlà ló dá wàhálà sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ọ̀dọ́bìnrin òṣèré kan, ẹni ọgbọ̀n ọdún, kú ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹsẹ̀ ló ń dùn ún, kò sì lè mí dáadáa. Ó lọ sí ilé ìwòsàn àdúgbò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, physician associate ló sì rí lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ẹ̀jẹ̀ tó dì ni ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, tó ti gòkè lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, wọn kò sì rí i. Àwọn ẹbí rẹ̀ sọ pé dókítà ló rò pé òun ń bá sọ̀rọ̀. Tó bá mọ̀ pé dókítà kò tíì rí òun, ṣé kì bá ti béèrè fún un? Ìbéèrè yẹn ni kò kúrò lọ́kàn àwọn òbí rẹ̀.

Láti oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ dókítà sílẹ̀ níbẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í forúkọ tiwọn náà sílẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2025, Ọ̀jọ̀gbọ́n Gillian Leng, tí ìjọba ní kó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde. Ó ní kí wọ́n yí orúkọ náà padà sí olùrànlọ́wọ́ dókítà, kí aṣọ àti báàjì wọn yàtọ̀ kí aláìsàn lè dá wọn mọ̀, kí wọ́n má sì jẹ́ ẹni tó máa kọ́kọ́ rí aláìsàn tí a kò tíì mọ ohun tó ń ṣe é, àfi níbi tí ìlànà bá ti là á sílẹ̀. Mo fara mọ́ ọn. Mo mọ̀ pé àwọn dókítà kan wà tó jẹ́ pé ọgbà wọn ni wọ́n ń ṣọ́, kì í ṣe aláìsàn. Àwa apòògùn ti rí i rí, ẹ má jẹ́ ká lọ jìnnà. Àmọ́ lórí ti orúkọ yìí, wọn ò jẹ̀bi.

Ọmọ Alhaja ńkọ́? Ní 2023, ìjọba ibẹ̀ ní àwọn fẹ́ kí irú òṣìṣẹ́ yìí tó 10,000 kó tó di ọdún 2037. Ọ̀rọ̀ ti yí padà báyìí, àwọn tó ti kàwé jáde sì ń ké pé iṣẹ́ kò rọrùn rí. Láti oṣù Kìíní ọdún 2024, akẹ́kọ̀ọ́ tó lọ ṣe irú kọ́ọ̀sì yìí kò láṣẹ láti mú ìyàwó àti ọmọ dání, bẹ́ẹ̀ ọmọ yìí ti ṣe nikáà lọ́dún tó kọjá. Tó bá sì padà wálé, MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ dókítà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, kò ní forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi dókítà. Ẹ ò rí i pé ó yẹ kí a mọ gbogbo èyí kí a tó ta ilẹ̀ ọmọ òrukàn?

Àwa náà ní irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nílé. Àwọn CHO àti CHEW tí ẹ ń bá pàdé ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, láti àárín àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti wà. Òfin ọdún 1992 ló gbé ìgbìmọ̀ tiwọn kalẹ̀. Ìwé kan wà lọ́wọ́ wọn tí wọ́n ń pè ní Standing Orders, tó sọ ohun tí wọ́n lè tọ́jú àti èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ tètè gbé lọ sí ọsibítù. Ìwé yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ wọn. Kì í ṣe àbùkù láti mọ ibi tí agbára ẹni mọ.

Bí mo ṣe sọ gbogbo èyí tán, Alhaja wò mí. Ó ní, "Ẹ̀yin gan-an ńkọ́? Ṣé ẹ kì í ṣe dókítà ni?"

Mo ní, "Rárá o. Apòògùn ni mí, Alhaja."

Ó ní, "Ẹni tó ti ń dá mi lóhùn látọjọ́ yìí!"

Mi ò rí èsì fọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó sọ yẹn bá ojú egbò mi. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, níbi àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ tí a máa ń ṣe ní mọ́ṣáláṣí, màmá àgbà kan jókòó níwájú mi. Ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wà ní 190 lórí 110. Mo kọ ìwé fún un pé kó lọ rí dókítà ní ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Ó ń pè mí ní dókítà, mo ń jẹ́ ẹ. Lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá, rọpárọsẹ̀ gbé e ṣánlẹ̀. Inú àpò tẹ̀súbáà rẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ obìnrin ti bá ìwé náà, bí mo ṣe ká a gan-an. Nígbà tí wọ́n bi màmá léèrè pé kí ló dé tí kò lọ, ó ní, "Mo ti rí dókítà ní mọ́ṣáláṣí." Màmá ṣì wà láyé, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kò lè fi ọwọ́ òsì rẹ̀ bu omi àlùwàlá mọ́.

Mi ò purọ́ fún un lẹ́nu. Mo kàn dákẹ́ ni. Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn wa ti là á yé wa tipẹ́ pé ẹni tí a kò mọ̀ mọ́ ìṣègùn, tó wá ń tọ́jú ènìyàn, ọrùn rẹ̀ ni ìpalára tó bá tẹ̀yìn rẹ̀ yọ máa wà. Mo máa ń ronú bóyá dídákẹ́ síbi orúkọ tí kì í ṣe tèmi wà lára rẹ̀. Mo rò pé ó wà.

Nítorí náà, níbi àyẹ̀wò wa báyìí, olúkúlùkù ló ń kọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ àyà lédè Yorùbá gàdàgbà: Apòògùn, Nọ́ọ̀sì, CHO. Lẹ́mọ́mù fúnra rẹ̀ máa ń kéde pé dókítà kò sí lórí ìjókòó, pé ẹni tí a bá fún ní ìwé kò tíì rí dókítà. Ẹ̀yin náà, nígbàkúùgbà tí ẹ bá gbé ọmọ tàbí òbí yín lọ fún ìtọ́jú, ẹ béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni iṣẹ́ yín níbí?" Òṣìṣẹ́ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú. Tí àìsàn kò bá lọ lẹ́yìn tí ẹ ti lọ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ní dókítà lẹ fẹ́ rí. Àwọn tó sì ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì ládùúgbò wa, ẹ̀yin tí ọmọdé ń kí ní "Dókítà, ẹ káàárọ̀", ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe fún wọn.

Ọmọ Alhaja pè mí láti Ìbàdàn lálẹ́ ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e. Ó ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ dókítà, òun kàn ò mọ bí òun ṣe máa sọ ọ́ fún ìyá òun ni. Mo ní kí wọ́n jọ sọ ọ́ kí wọ́n tó pe aláròóbọ̀ ilẹ̀. Wọn ò tíì parí ọ̀rọ̀ náà títí di ìgbà tí mo ń kọ èyí. Ilẹ̀ Ọbà-Ilé ṣì wà níbẹ̀.