Owó ìyáná tó gbéná wojú ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹni tó bá wà ní Mushin tó gbọ́ pé ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń fún àwọn arúgbó lówó kí wọ́n lè fi yáná, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ bú sí. Owó òtútù kẹ̀? Nígbà táwọn èèyàn ń wá owó tí wọ́n máa fi tún fáànù ṣe! Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn tó ti lo ọdún kan péré ní Peckham tàbí Tottenham léèrè. Ọyẹ́ tó ń la èèyàn létè nílé yìí, àwàdà ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ òtútù tibẹ̀. Kì í dúró síta. Ó máa ń tẹ̀lé èèyàn wọlé ni, á bá a jókòó, á bá a dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ọmọdé lè sáré kí ara ẹ̀ gbóná, àgbàlagbà ò lè sáré. Bí yàrá bá ti tutù jù, ẹ̀jẹ̀ àgbà á máa ru, ikọ́ á máa bá àyà jà, ọ̀pọ̀ nínú wọn nìyẹn sì ń gbé dé ọsibítù. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ hítà kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí lọ́hùn-ún.

Ọdún 1997 ni Gordon Brown, tó jẹ́ mínísítà tó ń mójú tó àpò ìjọba nígbà náà, dá owó ọ̀hún sílẹ̀. £20 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, £50 fáwọn tó jẹ́ aláìní jù lọ. Nígbà tó fi máa di ọdún 2000, ó ti di £200, lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ọ́ di £300 fún ilé tí ẹni ọgọ́rin ọdún bá wà. Wọn kì í bi ẹnikẹ́ni pé èló lo ní sí báǹkì. Olówó ń gbà á, tálákà ń gbà á. Ẹni tó bá ti ń gba owó ìfẹ̀yìntì ìjọba ò tiẹ̀ ní kọ lẹ́tà sẹ́nì kankan, á kàn rí i pé owó ti wọlé kí Kérésìmesì tó dé. Àwọn màmá wa tó wà níbẹ̀ sì ti fi í sínú ìṣirò wọn bí ẹni fi ìyọ̀ sínú ọbẹ̀.

Àfi bó ṣe di ọjọ́ 29, oṣù keje, ọdún 2024. Ẹgbẹ́ Labour ò tíì lo oṣù kan lórí àlééfà. Rachel Reeves, obìnrin àkọ́kọ́ tó máa wà nípò mínísítà ìṣúná nílẹ̀ náà, dìde nílé ìgbìmọ̀, ó ní àwọn tó gbéjọba sílẹ̀ ti da ihò £22 bílíọ̀nù sínú àpò ìjọba, àwọn sì gbọ́dọ̀ dí i. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dí i ni owó òtútù. Ó ní ní England àti Wales, àwọn tó ń gba Pension Credit, ìyẹn owó tí ìjọba fi ń ti àwọn arúgbó tí owó wọn kéré jù lẹ́yìn, àtàwọn díẹ̀ tó ń gba irú ìrànwọ́ bẹ́ẹ̀, nìkan ni yóò máa rí i gbà. Àwọn tó ń gbà á tẹ́lẹ̀ ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ. Ó wá ku nǹkan bíi mílíọ̀nù kan àtààbọ̀.

Téèyàn bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ, á ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí ni olówó fẹ́ fi £200 ṣe? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo irú màmá kan tó pọ̀ rẹpẹtẹ ní gúúsù London. Ká ní ọdún 1981 ló dé ibẹ̀. Aago mẹ́ta òru ló ń jí, bọ́ọ̀sì òru ló ń wọ̀ lọ sí ọ́fíìsì tó ti ń nulẹ̀ káwọn òyìnbó tó dé. Tó bá kúrò níbẹ̀, ó di ilé táwọn arúgbó òyìnbó ń gbé, níbi tó ti ń wẹ̀ wọ́n, tó ń fún wọn lóúnjẹ títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Ó lé ní ọdún márùndínlógójì tí wọ́n fi ń yọ owó orí àti owó ínṣọ́ránsì ìjọba lára owó iṣẹ́ ẹ̀. Kò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ ìjọba rí. Ìyẹn ló jẹ́ kó ní ẹ̀tọ́ sí odindi owó ìfẹ̀yìntì tuntun, tó jẹ́ £221.20 lọ́sẹ̀ lọ́dún 2024 yẹn.

Ìlà tí ìjọba fà fún Pension Credit wá ńkọ́, fún ẹni tó ń dá gbé tí kò ní àìlera kankan? £218.15.

Ẹ ṣírò ó. Ohun tí màmá yìí fi ju ìlà lọ ò ju £3.05 lọ lọ́sẹ̀, ìyẹn £158.60 lọ́dún. Torí £158.60 yẹn ni wọ́n ṣe gba £200 lọ́wọ́ ẹ̀. Aládùúgbò ẹ̀ tí owó tiẹ̀ ò tó ìlà á gba Pension Credit, á gba owó òtútù, wọ́n á tún lè yọ £150 nínú owó iná ẹ̀. Bí òtútù bá wá mú débi pé ojú ọjọ́ wà ní òdo tàbí kó wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọjọ́ méje gbáko, wọ́n á tún fún un ní £25. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n gba ti aládùúgbò. Ohun tó ń bí màmá nínú ni pé iṣẹ́ tóun ṣe ló wá di ẹ̀ṣẹ̀ òun.

Àwọn míì tún wà tí owó wọn ò tó ìlà rárá, tó jẹ́ pé wọn ò béèrè ni. Ìjọba fúnra ẹ̀ fojú bù ú pé wọ́n lè tó 880,000, òyìnbó àti dúdú. Tàwọn Yorùbá inú wọn wá yàtọ̀. Ọmọ á gbé fọ́ọ̀mù wá, á ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bá yín kọ ọ́. Ẹ̀tọ́ yín ni." Bàbá á yọjú lókè gíláàsì.

"Èmi kẹ̀? Ṣé kí wọ́n máa pè mí ní alágbe ni?"

"Dádì, kì í ṣe agbe. Ẹ̀yin náà san owó orí."

"Wọ́n ò ní béèrè ilé tí mo kọ́ sí Ìkòròdú?"

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Bàbá ò purọ́, wọ́n á béèrè. Wọ́n ń gbójú kúrò lára £10,000 àkọ́kọ́ téèyàn bá ní, ṣùgbọ́n gbogbo £500 tó bá lé lórí ẹ̀, wọ́n á kà á sí pé £1 ń wọlé fún un lọ́sẹ̀. Ilé tí kì í ṣe ibi téèyàn ń gbé wà nínú ohun tí wọ́n ń kà, ì báà jẹ́ òkè òkun ló wà. Ilé tó fi ogún ọdún kọ́, tí àwọn ayálégbé ò sanwó ẹ̀ déédéé, ló wá ń dí i lọ́wọ́ láti yáná ní Woolwich. Àwọn kan gbé fọ́ọ̀mù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì títí ọjọ́ 21, oṣù kejìlá, ọdún 2024, tó jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ ti béèrè kí wọ́n tó lè rí owó òtútù ọdún yẹn gbà, fi kọjá.

Àwọn olóṣèlú náà ò sinmi. Lọ́jọ́ 10, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2024, ilé ìgbìmọ̀ dìbò lórí ẹ̀, 348 ló ti ìjọba lẹ́yìn, 228 ló takò ó. Nínú gbogbo ẹgbẹ́ Labour, Jon Trickett nìkan ló dìbò tako tìjọba; ọ̀pọ̀ àwọn yòókù tínú ń bí ò wulẹ̀ dìbò. Kemi Badenoch, ọmọ Yorùbá tó di olórí ẹgbẹ́ Conservative lóṣù kọkànlá ọdún náà, fi ọ̀rọ̀ ọ̀hún gún Keir Starmer, olórí ìjọba, bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gúnni. Ó kàn jẹ́ pé àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ fún un ti gbàgbé pé lọ́dún 2017, ẹgbẹ́ Conservative yìí kan náà ló kọ ọ́ sínú ìwé ìpolongo ìbò wọn pé àwọn ò ní máa fún gbogbo arúgbó ní owó òtútù mọ́. Òṣèlú ni, ẹ má bínú.

Nígbà tó di ọjọ́ kìíní, oṣù karùn-ún, ọdún 2025, wọ́n dìbò àtúndì ní Runcorn and Helsby, ìbò mẹ́fà péré ni ẹgbẹ́ Reform fi na ẹgbẹ́ Labour. Mẹ́fà! Àwọn tó lọ ń kan ilẹ̀kùn kiri kó tó di ọjọ́ ìbò sọ pé ọ̀rọ̀ òtútù làwọn arúgbó ń sọ ṣáá. Kí oṣù náà tó parí, Starmer ti ń rọ ohùn. Lọ́jọ́ 9, oṣù kẹfà, wọ́n kéde pé àwọn ti dá a padà: ẹni tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún ò bá ti ju £35,000 lọ máa gba tiẹ̀. Ẹni tí tiẹ̀ bá jù bẹ́ẹ̀, wọ́n á fún un, àwọn agbowó-orí á sì gbà á padà lọ́wọ́ ẹ̀. Nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́sàn-án èèyàn ló bọ́ sí i.

Ṣùgbọ́n ìlà yẹn ò kúrò níbi tó wà o. Lọ́dún 2025, odindi owó ìfẹ̀yìntì di £230.25 lọ́sẹ̀, ìlà Pension Credit sì di £227.10. Màmá ṣì fi £3.15 jù ú lọ. Owó òtútù ti padà sọ́wọ́ ẹ̀, àmọ́ £25 ọ̀sẹ̀ òdo ò kàn án, £150 orí owó iná náà ò kàn án. Owó iná àti gáàsì ilé tó wà níwọ̀ntúnwọ̀nsì, tí wọ́n fojú bù sí £1,277 lọ́dún nígbà oṣù kẹwàá ọdún 2021, ti di £1,755 lóṣù kẹwàá ọdún 2025. £200 sì ni £200 ṣì ń jẹ́, bó ṣe jẹ́ lọ́dún 2000, yàtọ̀ sí ìgbà díẹ̀ tí wọ́n bu nǹkan sí i.

Àwọn gbájú-ẹ̀ náà ti gbọ́. Bí wọ́n ṣe kéde pé owó ń padà bọ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn arúgbó, pé kí wọ́n tẹ ibí, kí wọ́n kọ nọ́ńbà báǹkì wọn síbẹ̀, kí owó òtútù wọn lè wọlé. Irọ́ ni. Ìjọba kì í fi àtẹ̀jíṣẹ́ béèrè nọ́ńbà báǹkì ẹnikẹ́ni lórí owó yìí.

Irú màmá tá a wí yẹn, tí owó ẹ̀ bá wọlé tán, ìpè kan náà ni yóò tẹ̀lé e láti ilé. Ẹni tó wà n'Ìjẹ̀bú-Òde ti yí £200 sí náírà lọ́kàn kí màmá tó sọ "ẹ kú ilé o" tán, owó ilé ìwé ọmọ sì ti wà nílẹ̀ láti oṣù kẹsàn-án. Màmá á fi £100 sínú mítà, á fi £100 ránṣẹ́ sílé. Tó bá di alẹ́, á pa hítà, á wọ súwẹ́tà méjì lé ara wọn, á sì gbé omi gbígbóná sínú ife. Tí ọmọ ẹ̀ bá pè é láti Croydon pé, "Mọ́mì, ṣé ilé gbóná?", á ní, "Ó gbóná dáadáa, ọmọ mi. Mo tiẹ̀ fẹ́ ṣí fèrèsé."