Ẹ Yé Na Ẹni Tí Ẹ Fẹ́ Tú Sílẹ̀

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n fi bá àwa ọmọ ìjọ sọ̀rọ̀, pàápàá àwa tí a máa ń gbàdúrà fún ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ ìtúsílẹ̀ ni. Ó ti pé ọdún 11 tí mo ti wà nínú ẹgbẹ́ adúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, nítorí náà kì í ṣe pé mo dúró lókèèrè tí mò ń fi àwọn èèyàn Ọlọ́run ṣẹ̀sín. Mo gbà pé nǹkan ń de ọmọ aráyé mọ́lẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù àjẹ́ kò jẹ́ kó sùn lóru, ẹni tó ti bá wọn mulẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́, ẹni tí wọ́n ti sọ fún láti kékeré pé èpè ń bẹ lórí ìdílé wọn, tí kò lè dáwọ́ lé ohunkóhun mọ́, ìdè ni gbogbo rẹ̀. Mo sì gbà pé Jésù lè tú u. Ọ̀nà tí à ń gbà ṣe é ló ń kọ mí lóminú.

Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n ní kí ẹgbẹ́ wa wá ran àwọn lọ́wọ́ ní ilé àdúrà kan tí n kò ní dárúkọ. A bá ọmọbìnrin kan níbẹ̀ tí kò tíì pé ọmọ ọdún 16. Wárápá ló ń ṣe é, ìyá rẹ̀ ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n àwọn tó ni ibẹ̀ ní ẹgbẹ́ inú omi ni. Wọ́n fi ṣẹ́ẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ òpó, wọ́n ní kó máa gbààwẹ̀, wọ́n da oògùn tí ọsibítù fún un nù, wọ́n sì ń fi ìgbálẹ̀ nà án kí ohun tó wà nínú rẹ̀ lè sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìyà pọ̀, ọmọ jẹ́wọ́. Ó ní òun lòun pa àbúrò òun. Gbogbo ilé hó yèè! Mo wo ojú ìyá rẹ̀, ojú náà ti yàtọ̀ sí ojú tí ìyá fi ń wo ọmọ. Ọjọ́ kẹta la tó rí ọmọ náà gbà lọ́wọ́ wọn, ọsibítù la sì gbé e lọ.

Ẹ gbọ́ ná, ta ni kò ní jẹ́wọ́? Bí wọ́n bá so èmi tí mò ń kọ̀wé yìí mọ́ òpó fún ọjọ́ mẹ́ta, tí ebi ń pa mí, tí ìgbálẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn mi, màá jẹ́wọ́ pé èmi ni mo jẹ oṣù tó wà lójú ọ̀run.

Kì í sì í ṣe ibì kan péré. Ní oṣù November ọdún 2019, ẹgbẹ́ Human Rights Watch gbé ìwádìí wọn jáde lórí Nàìjíríà. Ibi 28 ni wọ́n dé: ti ìjọba wà níbẹ̀, ti mùsùlùmí wà níbẹ̀, ti oníṣègùn ìbílẹ̀ wà níbẹ̀, ti àwa onígbàgbọ́ náà wà níbẹ̀. Wọ́n bá àwọn èèyàn nínú ṣẹ́ẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ti àwọn yòókù, kí wọ́n fọ ẹnu ara wọn. Tiwa ni mò ń sọ.

Ṣebí a ní ti Jésù là ń ṣe? Ẹ ṣí Máàkù orí 5. Àwọn ará ìlú ló fi ẹ̀wọ̀n de ọkùnrin tó ń gbé ibojì. Jésù bá a sọ̀rọ̀, ó bi í léèrè orúkọ, ó sì lé ohun tó ń dà á láàmú lọ. Nígbà tí àwọn èèyàn padà wá, ó ti jókòó jẹ́ẹ́, aṣọ wà lọ́rùn rẹ̀. Obìnrin tó tẹ̀ kòlòbà fún ọdún 18 nínú Lúùkù orí 13 ńkọ́? Jésù pè é, ó gbọ́wọ́ lé e, ó tún pè é ní ọmọ Ábúráhámù lójú gbogbo wọn. Kò ní kó wá ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún ìjọ.

Ẹ tún wo Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. Ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn. Nígbà tí òun àti ìyá rẹ̀ tún pàdé ní Abẹ́òkúta ní oṣù August ọdún 1846, ọmọ ti di àlùfáà, ìyá ṣì ń bọ òrìṣà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan àtààbọ̀ kí ìyá náà tó ṣèrìbọmi, ní oṣù February ọdún 1848, tó gba orúkọ Hánà. Ẹni tó túmọ̀ Bíbélì fún wa nìyẹn o, kò fi ẹgba kún un. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ jẹ́ kí ẹni tó wá bá yín sọ tẹnu rẹ̀ tán. Ẹ bi í bóyá òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ àdúrà, àbí ẹbí ló wọ́ ọ wá. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe ìwàásù lọ́jọ́ ìsinmi. Ẹ bèèrè ohun tí dókítà wí, ẹ má sì fọwọ́ kan oògùn rẹ̀. Ní ọdún 1954 ni Dókítà Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ní Arò, tó jẹ́ kí wọ́n máa bá ẹbí wọn gbé láàárín abúlé, kì í ṣe nínú àgádágodo. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 náà kò gba kí a fi ìyà ìkà jẹ ọmọ, ì báà jẹ́ orúkọ Ọlọ́run la fi bò ó.

Èyí tó tún dùn mí jù ni ti lẹ́yìn àdúrà. Ẹlòmíràn kúrò nínú gbèsè babaláwo, ó bọ́ sínú gbèsè wòlíì. Lónìí, òróró, lọ́la, àbẹ́là 7, ọ̀tunla, wọ́n ní ẹ̀mí náà ti padà, kó wá mú owó wá. Kò lè fẹ́yàwó, kò lè rìnrìn àjò, àfi bí Bàbá bá fọwọ́ sí i. Ọkùnrin inú ibojì yẹn bẹ̀bẹ̀ pé kí òun máa tẹ̀ lé Jésù, Jésù ní rárá, kó máa lọ sílé bá àwọn èèyàn rẹ̀.

Nínú ẹgbẹ́ tiwa, a kì í gba kọ́bọ̀. Èèyàn méjì ló ń jókòó ti ẹni tó bá wá, obìnrin sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ bó bá jẹ́ obìnrin. A máa ń kọ́ ọ láti gbàdúrà fúnra rẹ̀, kó má baà nílò wa mọ́. Àwọn kan ń sọ pé àdúrà wa kò lágbára nítorí a kì í pariwo. Kí wọ́n wá wò ó ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú èyíkéyìí, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀.

Èmi ni ònkàwé yín,
Ilé-Ifẹ̀.